Kí Ọmọ Tó Dé: Ohun Tí Àwọn Ìyá Wa Máa Ń Pèsè Sílẹ̀

Bí aboyún bá wà nílé yín, ní Ìkirè, ní Àpòmù tàbí ní Ìbàdàn, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí: ìyàwó fẹ́ di ẹrù ọmọ sínú báàgì, ìyá àgbà ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ kí ọmọ délẹ̀." Ta ló jàre?

Ìyá àgbà kò sọ ọ́ lásán. Láyé àtijọ́, ikú ọmọdé wọ́pọ̀ débi pé àbíkú ní orúkọ tirẹ̀: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́, ìyẹn ni pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ mọ́. Ẹni tó ti sin ọmọ méjì, ṣé yóò lè ká aṣọ tuntun sílẹ̀ de ẹ̀kẹta?

Síbẹ̀, ìpèsè wà. Àdín, osùn, ọṣẹ dúdú, kàn-ìn-kàn-ìn, igi ìdáná, ìkòkò àgbo. Ìró àtijọ́ tí omi ti fọ̀ títí tó fi rọ̀ ni wọ́n fi ń di ọmọ. Ẹ ṣàkíyèsí i: ohun ìlò ilé ni gbogbo rẹ̀. Àlejò kò lè wò ó kó mọ̀ pé wọ́n ń retí ọmọ.

Ẹrù yòókù di ẹ̀yìn ìbímọ. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, sọ pé ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Àyè wà fún ẹbí láti wá oyin, obì àti orógbó.

Kí ló wá yí padà? Ní 1957, Dókítà David Morley, òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, dá kíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn ọmọ, wọ́n ń gún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì ń kọ ìwọ̀n wọn sórí káàdì. Káàdì náà kì í gbé ní kíníìkì: ìyá ló ń gbé e lọ sílé nínú náílọ́ọ̀nù. Ikú ọmọdé dín kù gan-an níbẹ̀, káàdì náà sì tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Nítorí náà, àwọn méjèèjì jàre. Ẹ̀rù ìyá àgbà ní ìdí, ṣùgbọ́n ìrọbí kì í dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ di báàgì náà bí ìyá àgbà ì bá ṣe dì í: ìró méjì tó ti rọ̀, ọṣẹ, káàdì kíníìkì, owó ọkọ̀, àti ohun tí ilé ìwòsàn bá kọ sílẹ̀. Aṣọ aláràbarà lè dúró de ìkómọjáde.

Lálẹ́ òní, ẹ bi ìyá àgbà yín léèrè ohun tó pèsè sílẹ̀ kí wọ́n tó bí yín. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, kí ìtàn náà má bàa sọnù. Ó dìgbà kan ná.