Orúkọ Iṣẹ́ àti Owó-Orí: Ìtàn Àríyànjiyàn Àwọn Agbaṣẹ́ṣe ní Ilẹ̀ Íńdíà, 1958 sí 2019

Ìfáàrà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ lórí owó-orí. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Àríyànjiyàn tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ilẹ̀ Íńdíà bá ìjọba wọn fà fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni pẹ̀lú. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìjọba Íńdíà ti ń béèrè owó-orí lórí iṣẹ́ ilé kíkọ́ kí òfin rẹ̀ tó fún iṣẹ́ náà ní orúkọ tí ó bá a mu, àti pé ẹni tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe mìíràn ni ìnira náà wọ̀ lọ́rùn jù.

Ohun Kan Ni, tàbí Ohun Méjì?

Ẹni tí ó gba iṣẹ́ láti kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá fún ẹlòmíràn a máa mú sìmẹ́ńtì, irin àti yanrìn wá. A sì máa mú òye àti agbára àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá pẹ̀lú. Ṣé ọjà ni ó tà ni, àbí iṣẹ́ ni ó ṣe? Ìjọba ìpínlẹ̀ Madras ní ọjà wà nínú rẹ̀, ó sì béèrè owó-orí ọjà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Gannon Dunkerley lórí àwọn ohun èlò tí wọ́n fi kọ́lé. Ní ọdún 1958, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Íńdíà dá a lẹ́jọ́ pé odindi kan tí kò ṣeé pín ni àdéhùn ilé kíkọ́. Ọbẹ̀ tí ó ti jinná, ta ni yóò tún ṣa iyọ̀ inú rẹ̀ sọ́tọ̀?

Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kò fẹ́ pàdánù owó náà. Ní ọdún 1982, a ṣe àtúnṣe 46 sí ìwé òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ náà, èyí tí ó jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè ka ohun èlò inú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sí ọjà tí a tà. Báyìí ni òfin ṣe sọ ohun kan di méjì: ọjà bọ́ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀, iṣẹ́ ṣẹ́kù.

Ìjọba àpapọ̀ ni ó wá nawọ́ sí èyí tí ó ṣẹ́kù. Ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1994, ó bẹ̀rẹ̀ sí gba owó-orí lórí iṣẹ́ tí ènìyàn bá ẹlòmíràn ṣe gbowó. Ìdá 5 nínú 100 ni, lórí oríṣi iṣẹ́ mẹ́ta péré: tẹlifóònù, ìbánigbófò, àti ti àwọn alágbàtà ìpín-ìdókòwò. Ó di ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2004 kí ó tó kan kíkọ́ ilé ìṣòwò àti ilé-iṣẹ́ ńlá. Iye rẹ̀ sì ti di ìdá 10. Wọ́n yọ títì, afárá, ojú irin àti pápákọ̀ òfuurufú sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2004 yìí kò dárúkọ àdéhùn tí ohun èlò àti iṣẹ́ ti pa pọ̀. Ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2007 ni òfin tó dárúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, ìjọba ń béèrè owó-orí ti àkókò tí ó ṣáájú. Ní ọdún 2015, nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ Larsen & Toubro, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé kí ọjọ́ náà tó dé, kò sí òfin tí ó gbé owó-orí lé irú àdéhùn yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ láti ya iṣẹ́ kúrò lára ọjà.

Agbaṣẹ́ṣe Kejì

Agbaṣẹ́ṣe àgbà kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́. A máa gbé ìpìlẹ̀ fún ẹnìkan, a sì máa gbé iṣẹ́ irin fún òmíràn. Àwọn wọ̀nyí ni mo pè ní agbaṣẹ́ṣe kejì. Bí agbaṣẹ́ṣe àgbà bá ti san owó-orí lórí gbogbo iye iṣẹ́, ṣé ó tún kan agbaṣẹ́ṣe kejì láti san lórí ìpín tirẹ̀ tí ó wà nínú iye kan náà? Lórí àwọn iṣẹ́ kan, ìwé àlàyé ìjọba ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kò kàn án. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 2007, ìwé àlàyé tuntun jáde pé ó kàn án.

Ìjọba ní èyí kì í ṣe gbígba owó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé òfin ọdún 2004 gba agbaṣẹ́ṣe àgbà láyè láti yọ owó-orí tí ẹnìkejì ti san kúrò nínú tirẹ̀. Lójú ìwé, èyí dára. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà: agbaṣẹ́ṣe lè san owó-orí lórí ìdá 33 péré nínú 100 iye iṣẹ́ rẹ̀, kí ìdá 67 dúró fún ohun èlò. Ẹni tí ó bá yan ọ̀nà yìí kò ní ẹ̀tọ́ sí àyọkúrò. Nígbà náà, owó-orí tí ẹnìkejì san á di ara iye iṣẹ́, a ó sì tún gba owó-orí lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí jẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe kékeré. Ó gbà pé ọ̀gá òun ti san án, kò sì fi owó-orí kún iye tí ó gbà. Bí ìjọba bá wá fi ẹ̀sùn ìfọ̀rọ̀pamọ́ kàn án, òfin gbà wọ́n láyè láti wá ẹ̀yìn wò títí dé ọdún 5. Nígbà náà, iṣẹ́ ti parí, owó ti tán, ọ̀gá ti lọ. Lọ́wọ́ ta ni yóò ti gbà á padà? Ní ọdún 2019, ìjókòó onídàájọ́ mẹ́ta ti ìgbìmọ̀ ìdájọ́ owó-orí fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ pé agbaṣẹ́ṣe kejì gbọ́dọ̀ san án, bí ọ̀gá rẹ̀ tilẹ̀ ti san.

Àgbálọgbábọ̀

Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ni ìjọba borí. Ní ọdún 2018, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ohun èlò tí ẹni tí ó ni ilé fúnra rẹ̀ rà tí ó sì gbé fún agbaṣẹ́ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ wọ inú iye tí a ó gba owó-orí lé lórí. Kí ẹjọ́ yìí tó parí, ètò náà fúnra rẹ̀ ti kógbá wọlé. Ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2017, owó-orí tuntun kan ṣoṣo lórí ọjà àti iṣẹ́ rọ́pò rẹ̀. Òfin tuntun náà ka àdéhùn ilé kíkọ́ sí iṣẹ́, ó parí. Lẹ́yìn ọdún 59, ohun tí a pín sí méjì padà di odindi. Ní ọdún 2019, ìjọba ṣe ètò kan tí ó jẹ́ kí ẹni tí ó ní ẹjọ́ àtijọ́ lè san apá kan gbèsè náà, kí ẹjọ́ sì tán.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní agbẹjọ́rò tí ó lè bá ọ̀rọ̀ kan fà á fún ọdún mẹ́wàá. Agbaṣẹ́ṣe tí ó ní òṣìṣẹ́ ogún kò ní irú rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí aṣòfin sọ iṣẹ́ kan lórúkọ láì wo gbogbo ẹni tí ọwọ́ wọn wà nínú rẹ̀, láti orí agbaṣẹ́ṣe àgbà títí dé orí ẹni tí ó ń to bíríkì.