Àlejò Tó Di Onílé ní Ìlọrin

Bí ọ̀rọ̀ bá dé orí ìlú tí ojú rẹ̀ là sí gbogbo ayé, Èkó ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Èmi kò bá wọn jiyàn. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìlú ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n á ka èdè tí wọ́n ń gbọ́ lójú pópó, wọ́n á ka ẹ̀yà tó wà nínú ọjà, wọ́n á ní ìlú tí iye tirẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ibùdókọ̀ ni ì bá borí gbogbo ìlú, nítorí kò sí ẹ̀yà tí a kì í bá níbẹ̀. Ohun tí èmi máa ń bèèrè ni pé, nígbà tí wọ́n bá ń forí korí lórí ọ̀rọ̀ ìlú, níbo ni wọ́n fi àlejò jókòó sí? Ṣé orí ẹní ni, àbí ẹnu ọ̀nà? Nítorí ìbéèrè yìí ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa Ìlọrin, ìlú tí wọ́n bí mi sí.

Ìtàn Ìlọrin fúnra rẹ̀, àlejò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọdẹ ni Òjó Ìṣẹ̀kúṣẹ̀. Òkúta tó ń lọ irin rẹ̀ lórí rẹ̀ ni ìlú fi gba orúkọ, wọ́n sì ń tọ́ka sí òkúta náà títí di òní ní agboolé Bàńdẹ́lẹ́ ní Ìdí-Àpẹ́. Láderin, baba ńlá Àfọ̀njá, dé láti Ọ̀yọ́ Ilé lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Àfọ̀njá fi di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tó sì kọ̀ láti sin Ọ̀yọ́ mọ́, ọmọ ogun ni ohun tó ń wá. Ó fa Àlímì mọ́ra, àlùfáà Fúlàní tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Ṣàlíù. Ṣọ̀lágbèrú, ọlọ́rọ̀ Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí, kó àwọn ènìyàn tirẹ̀ wá tẹ̀dó sí Òkè-Súnà. Ní nǹkan bí ọdún 1817 ni ìròyìn gba ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kan pé ẹrú Haúsá tó bá lè sá dé Ìlọrin ti di òmìnira. Wọ́n ya wọlé. Àwọn ni wọ́n para pọ̀ di agbo ogun tí wọ́n ń pè ní jámáà.

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn Haúsá yìí ló ń tọ́jú ẹṣin, àwọn ló ń da màlúù, àwọn ló ń hun okùn, àwọn ló ń fá orí fún olówó wọn. Láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n di ẹni tí Ààrẹ kò lè jagun láìsí wọn. Nígbà tó yá, apá Ààrẹ fúnra rẹ̀ kò ká wọn mọ́; ní nǹkan bí ọdún 1824, wọ́n pa á. Ọmọ Àlímì tó ń jẹ́ Àbdùsàlámù gba àsíá láti Gwandu, ó di Ẹ́míà àkọ́kọ́. Títí di òní ni wọ́n ń jà lórí ẹni tó dalẹ̀ ẹnì kejì nínú ọ̀rọ̀ yìí, olúkúlùkù ló sì ní bó ṣe ń sọ tirẹ̀. N kò fẹ́ dá ẹjọ́ yẹn níbí. Ohun tó kàn mí ni ètò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí eruku ogun rọlẹ̀.

Kò sí ẹ̀yà kan tó lè dá ìlú náà jẹ. Fúlàní ní àsíá àti adé, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Haúsá ní agbára ogun. Yorùbá ni wọ́n pọ̀ jù, àwọn ló sì ní oko. Nítorí náà, Balógun mẹ́rin ni wọ́n yàn: Balógun Gàmbàrí fún Haúsá, Balógun Fúlàní, àti méjì fún Yorùbá, ìyẹn Balógun Àjíkọ̀bí àti Balógun Àlánàmú. Balógun kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò tirẹ̀ àti ọmọ ogun tirẹ̀, Ẹ́míà kò sì lè ṣe ohun ńlá kan láìfi tiwọn ṣe. Mọ́ṣáláṣí náà kò gbẹ́yìn: Ìmáàmù Ìmàlé wà, Ìmáàmù Fúlàní wà, Ìmáàmù Gàmbàrí náà wà. Ọkùnrin Haúsá tó jẹ́ ẹrú ní 1815 lè rí ẹni tó ń sọ èdè rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ìlú kó tó kú. N kò mọ ìlú mìíràn ní àyíká wa tó ṣe irú èyí lásìkò yẹn.

Ẹ fi wé àwọn tó kù. Ìbàdàn gba Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá, jagunjagun tó bá sì láyà lè dé ipò gíga níbẹ̀ láìbèèrè ibi tó ti wá. Ìyẹn dára gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Haúsá tó ń ṣòwò obì pọ̀ sí i, àdúgbò ọ̀tọ̀ ni wọ́n là sílẹ̀ fún wọn ní 1916, Sábó, tí wọ́n ní Sarkí tiwọn níbẹ̀. Kano ṣe bẹ́ẹ̀ fún Yorùbá àti Igbo ní Sabon Gari, lẹ́yìn odi ìlú. Èkó gba àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé àti àwọn Sàró, wọ́n sì kọ́ ilé tó rẹwà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ààfin Ìdúngànràn kò sí lọ́wọ́ wọn. Ní Ìlọrin, inú odi gan-an ni Gàmbàrí wà.

Ètò yìí ṣe ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò pète rẹ̀: ó sọ gbogbo wọn di Yorùbá lẹ́nu. Fúlàní gba ìlú, èdè Yorùbá sì gba Fúlàní. Ní ààfin Ẹ́míà lónìí, Yorùbá ni wọ́n fi ń kí Ẹ́míà, òun náà ni wọ́n fi ń bá ọmọ wí. Agboolé wa wà ní Gàmbàrí, baba ńlá wa sì ti ìhà Gobir wá. Haúsá tó kù lẹ́nu ìyá bàbá mi kò ju ìkíni àti orúkọ oúnjẹ lọ. Màsà tó ń dín láàárọ̀, Haúsá ni. Wàrà tó ń rà láti fi sínú ọbẹ̀, Fúlàní ni. Orin dadakúàdà tó fẹ́ràn, Yorùbá pọ́ńbélé ni. Òun kò rí wọn bí ohun mẹ́ta. Àwọn tó ń ṣe iyùn lántánà náà ń kọ́? Òkè Ọya ni òkúta pupa tí wọ́n ń gbẹ́ ti ń wá, Ọ̀yọ́ Ilé ni wọ́n ti kó iṣẹ́ náà wá, àwọn tó ní owó ní ìsàlẹ̀ títí dé etí òkun ló sì ń rà á.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìfẹ́ ló kó wọn jọ. Ajayi Crowther, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù, ṣàlàyé àwọn tó kó ìlú rẹ̀, Òṣoogùn, lẹ́rú ní 1821: Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ wà nínú wọn, Fúlàní wà níbẹ̀, àwọn ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn náà wà níbẹ̀. Irú àwọn ènìyàn kan náà tí mo ti ń yìn láti òkè ni wọ̀nyí, láti ojú ọmọ tí wọ́n fi okùn sí lọ́rùn. Ẹrú tó gba òmìnira di ẹni tó ń kó ẹrú. Ṣọ̀lágbèrú tó gba àlejò mọ́ra, àwọn àlejò náà ló pa á níkẹyìn. Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún Haúsá àti Fúlàní náà kò ṣí fún gbogbo ènìyàn: Mùsùlùmí nìkan ló lè wọlé dé yàrá. Nígbà tí Bowen, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, dé Ìlọrin ní 1855, wọ́n gbà á lálejò, ṣùgbọ́n kò rí àyè dá ìjọ sílẹ̀.

Àwọn ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin ní 1897. Reluwé dé ní 1908, ó kó akọ̀wé, òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò dé, ọ̀pọ̀ wọn Kìrìsìtẹ́nì, láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Abẹ́òkúta àti ilẹ̀ Igbo. Sábó-Òkè ni wọ́n tẹ̀dó sí, ní ẹ̀yìn ìlú àtijọ́. Ìlọrin tí kì í ní Sábó náà ti ní. Ní 1956 ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ borí nínú ìbò ìgbìmọ̀ ìlú, àwọn kan sì ń fẹ́ kí Ìlọrin bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn; ìgbìmọ̀ Willink kò gbà ní 1958, ibi tó wà náà ló sì wà. Ní 1967 ìlú di olú-ìlú ìpínlẹ̀, yunifásítì dé ní 1975, Tánkẹ̀ àti Fátẹ̀ tó jẹ́ igbó sì kún fún ilé.

Báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí. Ọmọ kan wà tí wọ́n bí sí Sábó-Òkè, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, bàbá bàbá rẹ̀ bá reluwé dé. Bó bá fẹ́ wọ ilé-ìwé gíga tàbí iṣẹ́ ìjọba, wọ́n á ní kó lọ mú ìwé-ẹ̀rí ọmọ onílẹ̀ wá láti ìlú tí kò sùn sí rí. Èmi, tí baba ńlá mi fẹsẹ̀ rìn wá láti Gobir, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Ọgọ́rùn-ún ọdún kan péré ló wà láàárín wíwọlé tiwa àti tiwọn. Òfin Nàìjíríà ni, kì í ṣe ti Ìlọrin nìkan, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwa ló yẹ kí ó kọ́kọ́ dùn, nítorí àwa la mọ bí wọ́n ṣe ń sọ àlejò di onílé. Ìjà híjáàbù 2021 tó ti ilé-ìwé pa, àti olórìṣà tí wọ́n sọ fún ní 2023 pé kò gbọdọ̀ ṣe ọdún ìṣẹ̀ṣe nínú ìlú tí Òjó Ìṣẹ̀kúṣẹ̀ dá, orí ìbéèrè kan náà ni wọ́n wà: ta ló ní àyè lórí ẹní?

Wọ́n dá ipò Gàmbàrí sílẹ̀ nígbà tí àwọn Haúsá kò tíì pé ogún ọdún nínú ìlú. Reluwé ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Balógun ṣì jẹ́ mẹ́rin.