Ta Ló Rán Aṣọ Òyìnbó Yẹn?

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ń rán aṣọ eré orí ìtàgé, bi mí pé báwo lòun ṣe lè tẹ̀ síwájú. Ẹ jẹ́ ká bi ìtàn.

Ní 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, wo eré àwọn eégún aláré ní Ọ̀yọ́-Ilé. Eléré kan wọ aṣọ tí wọ́n kùn, ló bá di òjòlá. Òmíràn di òyìnbó: ó funfun, ó rù kan eegun, ó ń ṣe bí ẹni fa áṣáà símú.

Ẹni tó ṣe aṣọ yẹn ti fi ojú kọ́ṣẹ́ kó tó mú abẹ́rẹ́. Àmọ́ Clapperton ò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin aránṣọ eré, ẹ máa wo èèyàn dáadáa. Tẹ́ ẹ bá sì rán an tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ yín sí i.