Marian Ewurama Addy

Marian Ewurama Addy (1942–2014) ni ọ̀jọ̀gbọ́n báyókẹ́mísìrì tó mú kí ará Gánà máa jókòó ti tẹlifíṣọ̀n nítorí sáyẹ́ǹsì. Nkawkaw ni wọ́n bí i sí. Ó kàwé ní St. Monica's ní Mampong, ìlú Aṣáńtì tó wà ní àríwá Kumasi, ó lọ sí Holy Child ní Cape Coast àti Yunifásítì Gánà ní Legon, kó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà. Legon náà ló padà sí láti máa kọ́ni. Ewé àti egbò ni iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dá lé. Ó yẹ Desmodium adscendens wò, ewé tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ fi ń tọ́jú ikọ́ fée, kó lè mọ ohun tí ewé náà ń ṣe nínú ara.

Ní 1993, ilé iṣẹ́ Primetime dá ìdíje sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò sílẹ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama. Addy ló ń bi wọ́n ní ìbéèrè títí di 2000. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta máa ń kojú ara wọn, akẹ́kọ̀ọ́ méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Apá tó dùn jù níbẹ̀ ni ti àlọ́ àpamọ̀: ohun tí wọ́n ń pa lálọ̀ọ́, ì báà jẹ́ ásíìdì tàbí ẹ̀yà ara, ni yóò máa ròyìn ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá tètè já a ló máa ń gba máàkì tó pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń sá fún ṣe di ohun tí tọmọdé tàgbà ń pariwo lé lórí.

Ní 1999, UNESCO fún un ní ẹ̀bùn Kalinga, tó wà fún àwọn tó ń mú kí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tàn kálẹ̀. Ẹ̀bùn náà tọ́ sí i gidigidi.

Kumasi kò kẹ̀rẹ̀ nínú ìdíje sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò náà. Prempeh College ló kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ. Opoku Ware, tí wọ́n jọ ń figagbága nínú ìlú kan náà, gbà á ní 1997 àti 2002.

Obìnrin ló tún gba ipò abínibéèrè lọ́wọ́ Addy: Eureka Adomako, onímọ̀ nípa ewéko, lẹ́yìn náà Elsa Effah Kaufmann, onímọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006. Lásìkò tirẹ̀ ni ìdíje náà bọ́ sórí YouTube àti Facebook, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tó wà lókè òkun fi ń wò ó bó ṣe ń lọ. Ní 2021, Prempeh gba ife náà nígbà karùn-ún. Lára àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí Prempeh borí ní àṣekágbá ni Keta, ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó débẹ̀ láti ẹkùn Volta. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin sì ni ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ṣojú rẹ̀.