Aláwọ̀ṣe ní Ẹnu-ọ̀nà Ísírẹ́lì

Ẹ̀yin ará wa ní Ibogun, àti ẹ̀yin tí ẹ ti Ifọ̀ wá: nígbà tí a parí ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, bàbá kan dìde ní ẹ̀yìn ìjókòó. Ó ní ọmọ òun tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó kọ̀wé sí òun pé òun ń rò ó láti di Júù. Bàbá náà bèèrè pé, kí ni wọn yóò bi ọmọ náà kí wọn tó gbà á? Ṣé yóò sì kọ òun ní bàbá? Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe dìde lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Àlùfáà Crowther tún fojú kan Àfàlá ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ìpínyà bí ọdún 25. Ta ni ìbá rò pé ìyá àlùfáà yóò pẹ́ ní ẹnu-ọ̀nà? Ṣùgbọ́n a kò tẹ̀ ẹ́ bọmi títí di ọjọ́ 5 oṣù kejì, 1848, nígbà tí a pè é ní Hánà.

Àwọn Júù le jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kọ ọ́ sínú Támúdù, ìwé ìlànà àwọn olùkọ́ wọn àtijọ́, pé ìnira ni kí a kọ́kọ́ sọ fún aláwọ̀ṣe. A óò bi í pé kí ni ó rí tí ó fi ń bọ̀. Àbí kò mọ̀ pé ẹni ìpọ́nlójú ni Ísírẹ́lì? Bí ó bá ní òun mọ̀, àti pé òun kò tilẹ̀ yẹ, nígbà náà ni a óò gbà á, tí a óò sì sọ díẹ̀ fún un nínú òfin tí ó wúwo àti èyí tí ó fúyẹ́. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé òfin pèéṣẹ́ wà lára ohun tí a kọ́kọ́ ń sọ: kí ó fi igun oko sílẹ̀ fún tálákà, kí ó má sì padà mú ìtí tí ó gbàgbé. Àwa àgbẹ̀ mọ bí èyí ti ṣòro tó! Rúùtù pàápàá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Náómì ní kí ó padà. Láti ibẹ̀ ni àwọn rábì kan ti mú àṣà pé kí a dá aláwọ̀ṣe padà lẹ́ẹ̀mẹta.

Lóde òní ẹ̀kọ́ náà sábà ń tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò máa pa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́, yóò ya oúnjẹ mímọ́ kúrò lára aláìmọ́, yóò kọ́ àdúrà ní èdè Hébérù. Lẹ́yìn náà ni yóò dúró níwájú onídàájọ́ mẹ́ta. A óò kọ ọkùnrin nílà, àti ọkùnrin àti obìnrin ni yóò sì ri ara wọn bọ inú omi pátápátá.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ènìyàn dúdú. Ní Sefwi Wiawso ní Gánà, ìran tí Aaron Ahomtre Toakyirifa rí ní 1976 ni ó mú kí àwọn kan máa sin Ọlọ́run bí Júù. Ṣùgbọ́n ti Ùgáńdà ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jù. Semei Kakungulu, balógun tí ó ti jagun fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ka òfin ìkọlà nínú Bíbélì, ó sì fẹ́ pa á mọ́. Wọ́n ní ti Júù ni. Ó dáhùn pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òun di Júù. Ní 1919 a sì kọ òun àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ nílà. Ní 1920 Júù kan tí ń jẹ́ Yosef kọ́ wọn fún bí oṣù mẹ́fà. Kakungulu kú ní 1928, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn rẹ̀, àwọn Abayudaya, di ẹ̀sìn náà mú, àní nígbà tí Idi Amin fi òfin dè é. Ọdún 2002 ni ìgbìmọ̀ àwọn rábì tó wá, tí wọ́n gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn nípa ìrìbọmi. Ọdún 83! Bí ẹnìkan nínú wọn bá bínú pé a tún ń bi òun ní ìbéèrè lẹ́yìn irú sùúrù bẹ́ẹ̀, èmi kò lè dá a lẹ́bi.

Ó ku ìbéèrè kejì. Ọmọ Ábúráhámù ni a ń pe aláwọ̀ṣe, a sì kà á sí ọmọ tuntun. Èyí ni ń ba òbí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n Mósè ọmọ Máímónì, olùkọ́ ńlá tí ó kú ní Íjíbítì ní 1204, kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláwọ̀ṣe kò gbọdọ̀ bú bàbá rẹ̀ tí kì í ṣe Júù, kò sì gbọdọ̀ tàbùkù rẹ̀, kí àwọn ènìyàn má baà wí pé ó ti inú ìwà mímọ́ ńlá bọ́ sínú kékeré. Kí ó máa bu ọlá fún un. Nítorí náà, bàbá, bí ọmọ yín bá wálé sí Ibogun, yóò ṣì dọ̀bálẹ̀ fún yín.