Ta Ló Ń Bọ́ Ọ́fíìsì? Ìtàn Àkàrà Àárọ̀ láti Kàdúná dé Lọ́kọ́jà

 

Ìtàn ọba, ìtàn ogun àti ìtàn ìjọ la sábà máa ń kọ fún ara wa. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lónìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn oúnjẹ. Kì í ṣe oúnjẹ àsè o, àkàrà ni. Àkàrà tí ẹnì kan ń rà lójú ọ̀nà láàárọ̀, tó gbé wọ ọ́fíìsì, tó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ wá jẹun o." Púpọ̀ nínú àwa tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí la ti jẹ irú àkàrà yìí, a sì ti rà á fún ẹlòmíràn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ wò ni pé: ta gan-an ló ń bọ́ ọ́fíìsì?

Kí ọ́fíìsì tó dé ilẹ̀ wa ni àkàrà ti wà. Bí arúgbó bá kú ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ọmọ á dín àkàrà, wọ́n á pín in káàkiri àdúgbò, kí ará ilé àti ará òde lè mọ̀ pé ẹni náà gbó kó tó lọ. Àwọn Mùsùlùmí ń dín in ṣe sàárà. Nítorí náà, kéèyàn gbé àkàrà kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láìgba kọ́bọ̀, ọ̀dọ̀ òyìnbó kọ́ la ti kọ́ ọ. Àwa la gbé e wọ ọ́fíìsì òyìnbó.

Ẹ jẹ́ ká rántí iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ náà. Ìyá mi dín àkàrà tà, èmi ni mo sì máa ń bá wọn bó ẹ̀wà. A ó rẹ ẹ́ sómi, a ó bó èèpo rẹ̀, a ó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ. Nígbà tí ẹ̀rọ ìlọta dé, a wá ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ. Wọ́n á po ó títí apá á fi máa ro wọ́n, wọ́n á fi iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà sí i, kí wọ́n tó máa dá a sínú epo gbígbóná. Ẹ̀kọ tí a fi ń jẹ ẹ́ tún gba àkókò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbàdo á wà nínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ká tó lọ̀ ọ́, ká sẹ́ ẹ, ká jẹ́ kó silẹ̀, ká tó wá gbé e kaná. Ẹni tó fẹ́ ta àkàrà gbígbóná ní aago mẹ́fà ààbọ̀ gbọ́dọ̀ ti dìde ní aago mẹ́rin. Akọ̀wé tí yóò jẹ ẹ́ ṣì ń hanrun nígbà yẹn.

Báwo wá ni àwa ọmọ alákàrà ṣe di akọ̀wé? Ìwé ni. Tommy Titcombe dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, ilé ẹ̀kọ́ sì tẹ̀lé ìjọ. Ní 1951 ni Titcombe College bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀ kan náà. Àwọn ọmọ Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wẹ̀ àti Ọ̀wọ́rọ̀ tó kàwé jáde di tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé. Abẹ́ ìjọba Àríwá sì ni ilẹ̀ wa wà nígbà náà. Láti 1917 ni Kàdúná ti jẹ́ olú-ìlú Àríwá. Ibi tí fáìlì bá wà lakọ̀wé ń lọ, kò sí bí ilé ti lè dùn tó. Olóògbé Olóyè Sunday Awóníyì, ọmọ Mopa tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, wà lára àwọn ọmọ Òkun tó ṣiṣẹ́ ìjọba Àríwá ní Kàdúná. Àwọn tí a kò gbọ́ orúkọ wọn nínú ìwé ìròyìn sì pọ̀ jù wọ́n lọ: àwọn tó ń tẹ taipú, àwọn tó ń tọ́jú fáìlì, àwọn mẹ́sẹ́ńjà.

Ní Kàdúná, kòkó àti kòsáì ni oúnjẹ àárọ̀. Ọkà tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ atalẹ̀ àti ata ni wọ́n fi ń ṣe kòkó, kòsáì sì rèé, àkàrà ni. Ọmọ Òkun tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ á wò ó títí, á rẹ́rìn-ín: "Àkàrà ilé wa kọ́ lèyí?" Òun náà ni. Orúkọ ló yàtọ̀. Máásà tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe náà wà níbẹ̀, wọ́n á wọ́n ṣúgà lé e lórí.

Mẹ́sẹ́ńjà ló sábà máa ń lọ rà á. Á lọ láti tábìlì dé tábìlì, á gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ oníkálukú, á fi orí ka ohun tí kálukú fẹ́ láìkọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọ̀gá bá wà láyọ̀ lọ́jọ́ náà, tí ìgbéga dé tàbí tí ìyàwó bímọ, ọ̀gá á yọ owó fún gbogbo ọ́fíìsì. A kì í kọ èyí sínú fáìlì, àmọ́ òun ló ń jẹ́ kí akọ̀wé kékeré lè bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ láìgbọ̀n. Ìwé àtijọ́ tí ọ́fíìsì dà nù ni wọ́n sì tún fi ń di àkàrà náà padà wá fún wa, nígbà tí ewé ti ń wọ́n láàárín ìgboro.

Búrẹ́dì ńkọ́? Ìtàn tirẹ̀ náà kan akọ̀wé. Ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, ló wá ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè Nàìjíríà ní 1913. Nígbà tó yá, ó fi bírò sílẹ̀, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó ní àwọn ọdún 1920, àwọn ènìyàn sì wá ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Bí búrẹ́dì ṣe ń tàn kálẹ̀, àkàrà kò bá a jà. Ó kó sínú rẹ̀ ni. Títí dòní, ẹni tó bá la búrẹ́dì méjì tó ki àkàrà mẹ́ta bọ̀ ọ́ láàárín ti ṣetán títí di ọ̀sán.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kárùn-ún ọdún 1967, Ọ̀gágun Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12. Ìlọrin àti Kàbbà wọnú ìpínlẹ̀ kan, èyí tí a wá mọ̀ sí Kwara, olú-ìlú sì di Ìlọrin. Fáìlì wa kúrò ní Kàdúná, akọ̀wé wa tẹ̀lé e. Ní Ìlọrin, oúnjẹ àárọ̀ tún súnmọ́ tilé: ẹ̀kọ inú ewé, mọ́ínmọ́ín, àkàrà, àti wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri nínú igbá.

Ìlọrin la wà nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó àlìkámà wọ Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 1987. Búrẹ́dì gbówó lórí. Àwọn tó ti ń fojú tín-ín-rín ẹ̀kọ wá ń tò sílé ẹlẹ́kọ. Nígbà tí wọ́n fi máa mú òfin náà kúrò ní 1992, àwa ti kúrò ní Ìlọrin.

Ìdí ni pé ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, Ọ̀gágun Babangida dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, Lọ́kọ́jà sì di olú-ìlú. Àwa, àwọn Ígálà àti àwọn Ebira bá ara wa nínú ilé kan. Gbogbo wa la mọ ariwo tó ti wà láti ìgbà náà lórí ta ni yóò ṣe gómìnà. Àmọ́ ẹ wá wo tábìlì oúnjẹ àárọ̀. Ọmọ Òkun gbé àkàrà kalẹ̀. Ọmọ Ígálà gbé ọ́kpá tí wọ́n fi ẹ̀pà roro ṣe kalẹ̀. Ọmọ Ebira gbé àpàpà kalẹ̀, tó jọ mọ́ínmọ́ín. Ọ̀rọ̀ ipò kò tíì yanjú, àwo ti gbẹ. Mi ò sọ pé àkàrà lè parí ìjà òṣèlú o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí ẹnì kan tó béèrè ibi tí ẹni tó dín in ti wá kó tó nawọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti wá kan èmi fúnra mi.

Mo ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Lọ́kọ́jà. Àwa mẹ́jọ la wà nínú yàrá kan. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ àṣà pé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, mo máa ra àkàrà àti ẹ̀kọ fún gbogbo wa. Wọ́n sọ mí lórúkọ, wọ́n ní "Bàbá Ẹtì." Inú mi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ ọ. Lọ́wọ́ ìyá kan tó wà lẹ́bàá géètì ni mo ti ń rà á. Ìyá Alákàrà là ń pè wọ́n.

Nígbà tó yá, owó oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Oṣù kan, oṣù méjì, ó di mẹ́ta. Ó yẹ kí n sọ fáwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pé ọwọ́ mi ti há. N ò sọ ọ́. Orúkọ ti dùn mọ́ mi. Mo lọ bá Ìyá Alákàrà, mo ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi." Wọ́n ní, "Kò burú, ọmọ mi. Ẹ máa jẹun, Ọlọ́run á pèsè." Ọmọ wọn obìnrin kọ ọ́ sínú ìwé iléèwé rẹ̀. Èmi nìkan sì kọ́. Yàrá kejì ń jẹ àwìn, yàrá kẹta ń jẹ àwìn, àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì ń jẹ àwìn.

Ní ọjọ́ Ajé kan, àkàrà tú sépo. A dé géètì, ìyá ò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọn ò sí níbẹ̀. Obìnrin tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló sọ fún wa pé wọn ò rí owó ra ẹ̀wà mọ́. Owó ẹ̀wà wọn ti wà nínú ikùn wa.

Nígbà tí owó oṣù jàjà wọlé, mo ka gbèsè tèmi pé, mo dì í sínú ẹ́ńfílóòpù, mo gbé e lọ sí géètì. Ẹlòmíràn ti wà ní ààyè wọn. Mo béèrè wọn. Wọ́n ní wọ́n ti padà sí abúlé wọn. Abúlé wo? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Kí lorúkọ wọn? Ìyá Alákàrà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jẹun lọ́wọ́ obìnrin yẹn, n ò béèrè orúkọ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo lè ka orúkọ gbogbo ọ̀gá tó jókòó lórí àga ọ́fíìsì wa tẹ̀léra tẹ̀léra fún yín báyìí, láìwo ìwé. Ẹ́ńfílóòpù náà wà lọ́wọ́ mi títí tí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọ alákàrà lèmi. Mo ti bó ẹ̀wà. Mo ti rí ìyá mi tí wọ́n ń ka owó lálẹ́, tí wọ́n ń yọ ti ẹ̀wà ọ̀la sọ́tọ̀ kí wọ́n tó fún mi ní ti iléèwé. Mo mọ ohun tí àwìn ń ṣe.

Ẹnì kan lè ní ọ̀rọ̀ àkàrà kéré jù fún ìtàn. Ẹ jẹ́ ká yà ní Bràsíl díẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà gbé àkàrà dání nínú orí wọn. Títí dòní ni àwọn obìnrin ń dín in nínú epo pupa lójú pópó ìlú Salvador, wọ́n sì ń pè é ní acarajé, ìyẹn "àkàrà" àti "jẹ" tí wọ́n so pọ̀. Lára àwọn obìnrin tó ń tajà kiri bẹ́ẹ̀ nígbà ẹrú ni àwọn kan ti tu owó jọ tí wọ́n fi ra òmìnira ara wọn. Ní ìparí ọdún 2004, ilé iṣẹ́ ìjọba Bràsíl tó ń bójú tó ohun àjogúnbá fọwọ́ sí iṣẹ́ àwọn alákàrà yìí gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Bràsíl kọ iṣẹ́ alákàrà sínú ìwé ìjọba. Àwa ńkọ́? Ìwé gbèsè la kọ ọ́ sí.

Ta wá ló ń bọ́ ọ́fíìsì? Láti Kàdúná dé Lọ́kọ́jà, ọ̀gá tó yọ owó la máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí owó bá wà, òótọ́ ni, òun ló bọ́ wa. Bí owó kò bá sí, alákàrà ló ń bọ́ wa, kò sì sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin àbúrò mi àti ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní ọ́fíìsì lónìí, ní Lọ́kọ́jà, ní Àbújá, ní Èkó, ẹ má dáwọ́ dúró. Ẹ máa ra àkàrà fún ara yín. Ó dára, ó sì ń so ènìyàn pọ̀. Àmọ́ ẹ san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí lọ́wọ́, ẹ sọ pé kò sí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí ẹ sì béèrè orúkọ ẹni tó tà á fún yín.

Mo ní ìmọ̀ràn kan fún ẹgbẹ́ wa náà. Nígbà tí a bá ń kọ orúkọ àwọn tó gbé Igbaruku ga, ká má kọ ti àwọn ọ̀gá àgbà nìkan. Ẹ jẹ́ ká wá orúkọ àwọn ìyá tó dín àkàrà, tó ro ẹ̀kọ, tó fi owó rẹ̀ rán ọmọ lọ síléèwé. Tí ìyá tàbí ìyá àgbà yín bá wà lára wọn, ẹ kọ orúkọ wọn sórí gúrúùpù lọ́sẹ̀ yìí, ibi tí wọ́n ti tajà, àti ọmọ mélòó ni wọ́n fi rán níwèé. Akọ̀wé ẹgbẹ́ á kó o jọ, nítorí àwọn tó lè rántí ò pọ̀ mọ́.