Májèlé òjé nínú iṣẹ́ àtúnlò bátìrì

Májèlé òjé nínú iṣẹ́ àtúnlò bátìrì ni ìpalára tí òjé ń ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tú bátìrì àlòkù, tí wọ́n ń yọ́ òjé inú rẹ̀ nínú ìléru, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di òjé tuntun fún títà. Ó wà lára àwọn àrùn iṣẹ́ tí a ti mọ̀ pẹ́ jùlọ. Òjé kì í jó ni lára bí ásíìdì, àmì àrùn rẹ̀ kì í sì í tètè hàn. Òṣìṣẹ́ lè máa kó o jọ sínú ara fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó fura. Ewu náà kò sì mọ sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́. Eruku tó lẹ̀ mọ́ aṣọ àti irun òṣìṣẹ́ ń bá a délé, àwọn ọmọ kéékèèké ni ó sì ń pa lára jùlọ.

Òjé àti bátìrì

Òjé jẹ́ mẹ́táàlì tó wúwo, tó sì rọ̀. Àmì rẹ̀ nínú kẹ́mísírì ni Pb, nọ́mbà átọ̀mù rẹ̀ sì ni 82. Àwọn Yorùbá ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà pípẹ́. Ẹ̀gbà òjé wà lára ohun tí a fi ń dá àwọn olùsìn Ọbàtálá mọ̀. Bí òjé bá gbóná dé nǹkan bí 327 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yóò yọ́, iná èédú lásán sì lè mú un dé bẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn fún ẹnikẹ́ni tó ní ìkòkò irin láti yọ́ òjé ní ẹ̀yìnkùlé.

Nínú bátìrì ọkọ̀, òjé ló kó ju ìdajì ìwúwo rẹ̀ lọ. Ìyókù ni ásíìdì àti ike. Irú bátìrì yìí kan náà ló wà lára ọ̀pọ̀ íńfátà àti ẹ̀rọ iná oòrùn. Níbi tí iná mànàmáná kò bá ti dúró déédéé, kò sí ìlú tí bátìrì kì í kú sí, ìbáà ṣe Èkó tàbí àwọn ìlú Ìgbómìnà bí Òmù-Àrán àti Àrán-Ọ̀rin. Bátìrì tó ti kú kì í sì í ṣe pàǹtírí lásán. Òjé inú rẹ̀ ṣeé yọ́ lò léraléra, nítorí náà àwọn tó ń ra irin àlòkù máa ń san owó lórí rẹ̀ kí wọ́n tó tà á fún àwọn tó ń yọ́ òjé.

Bí òjé ṣe ń wọ inú ara

Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ tó yẹ, àáké tàbí àdá ni wọ́n fi ń la bátìrì. Wọ́n á da ásíìdì rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ yọ àwọn awẹ́ òjé inú rẹ̀, wọ́n á sì kó wọn sínú ìléru. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ewu tirẹ̀. Lílà bátìrì ń tú eruku òjé sílẹ̀, yíyọ́ rẹ̀ ń mú èéfín jáde, ìdàrọ́ tí wọ́n bá sì kó sẹ́yìn ilé-iṣẹ́ ṣì ní òjé nínú, tí afẹ́fẹ́ àti àgbàrá yóò máa gbé kiri.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni òjé ń gbà wọ ara. Èkíní ni imú: eruku tó kúnná àti èéfín máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Èkejì ni ẹnu: òṣìṣẹ́ tó jẹun, tó mu omi tàbí tó mu sìgá láìfọ ọwọ́ ń gbé òjé mì. Nínú òjé tí àgbàlagbà bá gbé mì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ara rẹ̀ ń gbà, ṣùgbọ́n ti ọmọdé lè tó ìdajì. Ara tí kò rí èròjà irin àti kálísíọ̀mù tó nínú oúnjẹ tún máa ń gba òjé ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí ni pé ọmọ tí oúnjẹ rẹ̀ kò dára tó ni májèlé náà ń tètè mú.

Ohun tí òjé ń ṣe nínú ara

Ara ènìyàn kò ní iṣẹ́ kankan tí ó ń fi òjé ṣe. Nítorí pé òjé fara jọ kálísíọ̀mù, ara a máa ṣì í mú, a sì máa kó o pamọ́ sínú eegun. Láàárín nǹkan bí oṣù kan, òjé inú ẹ̀jẹ̀ lè dín kù dé ìdajì bí ènìyàn bá kúrò níbi ewu, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú eegun lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí obìnrin tó ti ṣe iṣẹ́ náà rí bá lóyún, òjé inú eegun rẹ̀ lè padà sínú ẹ̀jẹ̀, kí ó sì ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú.

Lára àgbàlagbà, àwọn àmì tó sábà máa ń kọ́kọ́ yọ ni àárẹ̀, orí fífọ́, inú rírun, àìlèyàgbẹ́ dáadáa, àìróorunsùn àti ìbínú òjijì. Àwọn kan nínú àmì wọ̀nyí jọ ti ibà àti táífọ́ọ̀dù, ó sì rọrùn láti ṣì wọ́n mú. Bí òjé bá ti pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ a máa ṣaláìtó, nítorí pé òjé ń dí ara lọ́wọ́ láti pèsè èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀. Ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń sọ àtọ̀ ọkùnrin di aláìlágbára, ó sì lè mú kí oyún bàjẹ́. Nígbà tó bá le gan-an, ọrùn ọwọ́ a máa rọ, òṣìṣẹ́ náà kò sì ní lè gbé e sókè mọ́.

Ọpọlọ ọmọdé ni ó ń bàjẹ́ jùlọ. Òjé díẹ̀ lè dín òye ọmọ kù, kí ó má lè fọkàn sí ẹ̀kọ́. Èyí tó pọ̀ lè fa gìrì, dídákú àti ikú. Ìpalára tí ó ti ṣe sí ọpọlọ ọmọ kì í sábà ní àtúnṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu.

Ìtàn

Ní ọdún 1700, dókítà ará Ítálì kan, Bernardino Ramazzini, gbé ìwé jáde lórí àrùn tí iṣẹ́ ọwọ́ ń fà, ó sì mẹ́nu ba ìpalára òjé lára àwọn amọ̀kòkò tí ń fi òjé dán ìkòkò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1895 sọ ọ́ di dandan pé kí a fi ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí òjé bá mú tó ìjọba létí. Ní ọdún 1898, wọ́n yan Thomas Legge, dókítà àkọ́kọ́ tí yóò máa bẹ àwọn ilé-iṣẹ́ wò lórí ìlera. Ohun tí Legge tẹnu mọ́ ni pé bí agbanisíṣẹ́ kò bá tíì ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ó ṣe, kò sí ohun gidi tí òṣìṣẹ́ lè dá ṣe láti gba ara rẹ̀ là. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní ọdún 1926, nítorí pé ìjọba rẹ̀ kọ̀ láti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé ọdún 1921 lórí òjé funfun nínú ọ̀dà ilé.

Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá ìlú Dakar ní orílẹ̀-èdè Senegal, àwọn ará àdúgbò ti ń tú bátìrì fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n sì ń jọ ilẹ̀ ibẹ̀ láti rí òjé tà. Láàárín ìparí ọdún 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, ọmọdé 18 kú níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, òjé kan náà ló pa ọmọdé tó lé ní 400 ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú agboolé ni ó ti wá, kì í ṣe bátìrì.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí lórí ilẹ̀ tí ìdàrọ́ ilé-iṣẹ́ bátìrì bàjẹ́ ní Olódó, ní ìtòsí Ìbàdàn. Ní Ògijo, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ṣàgámù ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ òjé wà láàárín ibùgbé àwọn ènìyàn, ó sì súnmọ́ Ìkòròdú. Ní ọdún 2025, The Examination àti The New York Times gbé ìròyìn ìwádìí jáde lórí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ṣe fún 70 ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń gbé níbẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ tí wọ́n yẹ̀ wò ni májèlé náà wà lára wọn, ju ìdajì àwọn ọmọdé lọ sì ní ìwọ̀n tó lè ba ọpọlọ jẹ́ títí ayé. Òjé tí wọ́n ń yọ́ ní Nàìjíríà ń lọ sí òkè òkun, títí kan Amẹ́ríkà, láti fi ṣe bátìrì tuntun.

Àyẹ̀wò àti ìtọ́jú

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń mọ̀ bóyá òjé ti wọ ara. Máíkírógíráàmù (µg) nínú dẹ̀sílítà ẹ̀jẹ̀ kan ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2021 sọ pé bí ó bá ti tó 5, kí a wá ibi tí òjé náà ti ń wá, kí a sì dá a dúró. Bí ti ọmọ ọdún mẹ́wàá sísàlẹ̀ bá tó 45, ó yẹ kí ó gba oògùn tí ń di òjé mú kí ó lè bá ìtọ̀ jáde. Oògùn yìí kò lè ran ẹni tí ó ṣì ń padà sídìí ìléru lọ́wọ́ bí ó ṣe yẹ. Kíkúrò níbi ewu ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ó ṣe pàtàkì kí aláìsàn sọ irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún dókítà, nítorí pé láìsọ ọ́, ibà ni wọ́n lè máa tọ́jú.

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gbà pé wàrà tàbí epo pupa ń pa májèlé. Kálísíọ̀mù inú wàrà dára fún ara, ṣùgbọ́n wàrà kò lè yọ òjé tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti eegun, kò sì lè dípò afẹ́fẹ́ tó mọ́.

Ìdènà

Ìdènà tó múná dóko jùlọ wà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́: ẹ̀rọ tí ń la bátìrì láìfi ọwọ́ kàn án, ìléru tó ní ìdérí, ẹ̀rọ tí ń fa èéfín láti ojú ibi tó ti ń jáde, àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè fún gbogbo òṣìṣẹ́. Omi ni kí a fi fọ ilẹ̀. Gbígbálẹ̀ ní gbígbẹ ń tú eruku sókè. Ìbòmú aláṣọ kò lè dá èéfín òjé dúró. Ìbòmú tó ní asẹ́ tó yẹ ni òṣìṣẹ́ nílò.

Ní ti òṣìṣẹ́, kí ó fọ ọwọ́ àti ojú kí ó tó jẹun, kí ó má sì jẹun níbi iṣẹ́. Kí ó wẹ̀, kí ó sì pààrọ̀ aṣọ àti bàtà kí ó tó lọ sílé. Aṣọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ wà pẹ̀lú aṣọ àwọn ọmọ nínú ìfọṣọ kan náà. Gbogbo èyí dúró lórí pé kí ilé-iṣẹ́ pèsè omi, ọṣẹ, balùwẹ̀ àti ibi ìjẹun tó mọ́.

Òfin ní Nàìjíríà

Òfin Ilé-iṣẹ́ ti ọdún 1987 fi ìlera àti ààbò òṣìṣẹ́ sí ọrùn ẹni tó ni ilé-iṣẹ́, ó sì ní kí ó fi àrùn iṣẹ́ tó ìjọba létí. Òfin Owó Ìtanràn fún Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 fún ẹni tí iṣẹ́ bá pa lára, àti ẹni tí àrùn iṣẹ́ bá mú, ní ẹ̀tọ́ sí owó láti ọwọ́ àjọ NSITF. Àjọ NESREA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2007, ló ń mójú tó òfin àyíká. Láti rí owó ìtanràn gbà, òṣìṣẹ́ nílò ẹ̀rí pé iṣẹ́ ló fa àrùn rẹ̀, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì wà lára ẹ̀rí tó lágbára jùlọ. Níbi tí wọn kì í bá ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àárẹ̀ lásán ni àrùn náà máa ń jẹ́ lójú òfin.